Mò ń lọ London lọ wẹ ọmọ: kí ni mo lè ṣe kí róómíǹgì má jẹ owó mi tán?

Ìyá Àgbà Kàbà

Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀kun o. Ọmọ mi obìnrin ti bímọ sí London, wọ́n sì ti fún mi ní físà. Ọ̀sẹ̀ méjì sí òní ni mo máa wọ bàálù l'Ábújá. A máa yà ní Addis Ababa, a ó dúró níbẹ̀ fún wákàtí mélòó kan ká tó wọ èyí tó ń lọ London. Oṣù mẹ́ta ni mo fẹ́ lò lọ́dọ̀ wọn.

Òtútù kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, mo ti ra ẹ̀wù. Fóònù ni. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì rin irú ìrìnàjò yìí. Gbogbo káàdì tó kó sórí fóònù ló tán kó tó jáde ní pápákọ̀ òfurufú, kò sì tíì pe ẹnikẹ́ni. Títí di òní kò mọ ohun tó gbé owó náà lọ.

Android ni fóònù mi, síìmù méjì ló ń gbà. Nọ́ńbà tó wà lórí ti àkọ́kọ́ ni báǹkì mọ̀, òun ni mo fi ń ṣe WhatsApp, òun sì ni gbogbo ẹbí ní lọ́wọ́. N kò fẹ́ kó sọnù. Bàbá wọn wà nílé ní tiwọn, fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò, kò sí WhatsApp níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè lo oṣù mẹ́ta kí n má gbóhùn wọn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi dá sí i.

Atúnfóònùṣe

Ìyá wa, ẹ kú oríire ọmọ tuntun. Ọlọ́run á dá a sí fún wa. Kàbà níbí ni mo ti ń tún fóònù ṣe, mo sì ti rí àwọn tó dé láti ìrìnàjò tí wọ́n gbé fóònù wá bá mi pé ó ń mu káàdì. Kò sóhun tó ṣe fóònù. Róómíǹgì ni.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Tẹ́ ẹ bá ti jáde ní Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ tó ni síìmù yín kò ní òpó níbi tẹ́ ẹ lọ. Fóònù á lọ so mọ́ òpó ilé-iṣẹ́ mìíràn nílùú náà. Ó dà bí ìgbà tí ọmọ yín bá ń lọ jẹun nílé aládùúgbò. Aládùúgbò kò ní bi ọmọ léèrè owó, ọ̀dọ̀ yín ló máa gbé gbèsè wá. Ilé-iṣẹ́ tiyín á san án fún un, wọ́n á fi èrè tiwọn lé e, wọ́n á wá yọ ọ́ lórí káàdì yín.

Nílé, ẹni tó pe èèyàn ló ń sanwó. Lókèèrè kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó pè yín á san tiẹ̀ bíi pé Kàbà lẹ wà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé e á sì san ti ọ̀nà tó kù láti Nàìjíríà dé ọ̀dọ̀ yín. Nítorí náà tí nọ́ńbà yín bá ń dún, ẹ wo orúkọ ẹni náà, ẹ jẹ́ kó dún tán, kẹ́ ẹ padà pè é lórí WhatsApp.

Àmọ́ kí àìgbé ìpè tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa vóìsìmeèlì, ibi tí wọ́n ti máa ń ní kéèyàn sọ̀rọ̀ sílẹ̀. Tí ìpè bá dé ọ̀dọ̀ yín ní London tẹ́ ẹ ò gbé e, tó wá yí padà sí vóìsìmeèlì ní Nàìjíríà, ó ti lọ, ó tún ti bọ̀, wọ́n sì lè ka àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ sí yín lọ́rùn. Mo fura pé ohun tó ṣe ọ̀rẹ́ yín wà lára èyí. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ tẹ ##002#, kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnì ìpè. Ó máa pa gbogbo yíyí ìpè pátá. Ẹ ṣe é lórí síìmù méjèèjì.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Settings, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Mobile network tàbí SIM sí, ẹ pa Data roaming. Tó bá ṣòro, ẹ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù, n kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.

Ọmọ Ìyàrá

Ìyá wa, ẹ fetí sí Atúnfóònùṣe dáadáa, torí ohun tó ṣe mí nìyẹn. Mo pa dátà mi kí n tó wọ bàálù. Nígbà tí a balẹ̀, mo ní kí n tan án fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí n fi ránṣẹ́ sí ìyàwó mi pé mo ti dé. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni mo kọ. Àṣé fóònù ti ń dúró dè mí. Àwọn fọ́tò tí mo yà nílé bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ sí Google Photos, àwọn áàpù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ara wọn di tuntun, gbogbo fídíò tí wọ́n jù sórí ẹgbẹ́ ẹbí nígbà tí mo wà lókè sì ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. ₦10,000 tí mo kó sórí rẹ̀ kò pẹ́ tó ìṣẹ́jú tí mo fi dúró de ẹrù mi. Ó dùn mí gan-an, torí owó yẹn ni mo fẹ́ fi pe ẹni tó ń bọ̀ wá gbé mi.

Nínú WhatsApp, ẹ lọ sí Settings, kẹ́ ẹ wọ Storage and data. Ibì kan wà níbẹ̀ fún ìgbà tí èèyàn bá wà lórí róómíǹgì. Ẹ yọ àmì kúrò lórí fọ́tò, ohùn, fídíò àti ìwé, gbogbo ẹ̀. Nínú Play Store náà, ẹ sọ fún un pé orí Wi-Fi nìkan ni kó ti máa sọ áàpù di tuntun, kẹ́ ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí Google Photos.

Ó tún ku kan. Àwọn bàálù kan ní nẹ́tíwọ̀kì tiwọn lókè òfurufú, sátẹ́láìtì ló ń gbé e, owó rẹ̀ sì ga fíofío. Tí fóònù ò bá sí lórí flight mode, ó lè so mọ́ ọn nígbà tẹ́ ẹ ń sùn. Kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn bàálù ni kẹ́ ẹ ti tẹ flight mode.

Ọmọ Yàgbà

Kí ló ń fa gbogbo wàhálà yìí? Kí Ìyá yọ síìmù Nàìjíríà kúrò l'Ábújá, kí wọ́n fi sínú póósì. Síìmù tí kò sí nínú fóònù kò lè jẹ owó. Bí èmi ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Oníbáǹkì Ẹ̀gbẹ̀

Ọmọ Yàgbà, mo mọ̀ pé ire lo fẹ́ fún wọn, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn yìí lè kó Ìyá sí wàhálà tó ju ti káàdì lọ. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó wà ní òkèèrè fẹ́ fowó ránṣẹ́ sílé, báǹkì fi OTP, nọ́ńbà àṣírí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń mọ̀ pé òun gan-an ni, ránṣẹ́ sórí síìmù tó wà nínú póósì, iṣẹ́ náà kò ní lọ. Tí áàpù báǹkì bá sì ní kó tún ara rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lórí fóònù tuntun, bákan náà ni.

Gbígba àtẹ̀jíṣẹ́ lórí róómíǹgì, ọ̀fẹ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Fífi ránṣẹ́ ló ń gbowó. Nítorí náà, Ìyá wa, ẹ fi síìmù báǹkì sílẹ̀ nínú ihò àkọ́kọ́, kí dátà rẹ̀ wà ní pípa, kẹ́ ẹ má gbé ìpè lórí rẹ̀, kó ṣáà máa gba OTP. Ihò kejì ni kẹ́ ẹ fi síìmù London sí.

Àmọ́ ó ní ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ṣe nílé kí èyí tó lè ṣẹlẹ̀. Ẹ pe 300, nọ́ńbà kan náà ni fún gbogbo nẹ́tíwọ̀kì ní Nàìjíríà báyìí, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ṣí róómíǹgì fún yín. Ohùn àti àtẹ̀jíṣẹ́ ni kí wọ́n ṣí. Tí wọn ò bá ṣí i, síìmù náà lè máà rí òpó so mọ́ rárá, OTP ò sì ní dé. Ẹ tún béèrè nọ́ńbà wọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +234, torí 300 yẹn lè má lọ tẹ́ ẹ bá ti jáde. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ má fi sínú fóònù nìkan.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé kóòdù báǹkì tí a máa ń tẹ̀, àwọn tó ní ìràwọ̀ àti hash yẹn. Lókèèrè, ó lè kọ̀, ó sì lè gbowó. Áàpù báǹkì lórí Wi-Fi ilé ọmọ yín ló dáa.

Mo fẹ́ kí gbogbo wa mọ èyí: ní Nàìjíríà, nọ́ńbà tí kò bá ṣe ohunkóhun tó mú owó wọlé fún ilé-iṣẹ́ fún ọjọ́ 180, wọ́n lè pa á. Tó bá tún lo ọjọ́ 180 mìíràn bẹ́ẹ̀, wọ́n lè gbé e fún ẹlòmíì. Ẹ rò ó wò, nọ́ńbà tí báǹkì yín mọ̀ ti wà lọ́wọ́ àjèjì. Oṣù mẹ́ta Ìyá kò tíì débẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tó lọ fún oṣù mẹ́ta tí wọ́n lo ọdún kan. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù lórí síìmù yẹn ti tó láti jẹ́ kó wà láàyè.

Ọmọ Yàgbà

Ẹ ṣé, Oníbáǹkì. N kò ro ti OTP yẹn. Mo gbà.

Ọmọbìnrin Mọ̀pà ní Manchester

Ìyá wa, ẹ kú ìmúra. Èyí tó kù rọrùn. Ní UK, wọn kì í béèrè ìwé ìdánimọ̀ kí wọ́n tó ta síìmù tí èèyàn ń kówó sí fúnra rẹ̀. Inú súpámákẹ́ẹ̀tì lásán lẹ ti máa rí i. Ẹ ní kí ọmọ yín ra ọ̀kan sílẹ̀ báyìí, kó fi owó oṣù kan sí i, kó mú un dání wá sí pápákọ̀ òfurufú. Àwọn kan, bíi Lebara, wà lára èyí tí àwa tá a ní ẹbí nílé máa ń lò, torí wọ́n ní ètò ìpè lọ sí Nàìjíríà. Kí ó béèrè iye ìṣẹ́jú tó wà nínú rẹ̀ fún fóònù ọwọ́ ní Nàìjíríà kó tó ra á.

Ìyẹn náà lẹ máa fi pe Bàbá. Ẹ ò nílò WhatsApp lọ́wọ́ wọn. Ẹ ó tẹ +234, ẹ ó yọ òdo iwájú nọ́ńbà wọn, fóònù onítọ́ọ̀ṣì yẹn á dún nílé. Bàbá kò ní san kọ́bọ̀, torí ilé ni wọ́n wà. Ẹ ṣáà kìlọ̀ fún wọn pé nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +44 ló máa pè wọ́n, kí wọ́n má rò pé gbájúẹ̀ ni. Màmá mi fi ọjọ́ mẹ́ta kọ ìpè mi nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Ẹni tó bá sì fẹ́ dábàá Skype fún yín, ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti oṣù Karùn-ún ọdún 2025.

Tẹ́ ẹ bá ti fi síìmù London sínú fóònù, WhatsApp lè bi yín bóyá ẹ fẹ́ yí nọ́ńbà padà. Ẹ sọ pé rárá. WhatsApp kò ka síìmù tó ń gbé dátà sí, nọ́ńbà Nàìjíríà yín á máa ṣiṣẹ́ lórí dátà London àti lórí Wi-Fi. Gbogbo ẹbí á ṣì máa rí yín níbi tí wọ́n ti mọ̀ yín. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ fi PIN ti WhatsApp sí i, pẹ̀lú ímeèlì.

Tíṣà Ìsánlú

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣé. Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un tó jẹ́ ti ilé, kì í ṣe ti fóònù. Lọ́dọ̀ wa, tí àgbà bá pe èèyàn tí kò gbé e, ìbínú ni. Ìyá Àgbà, kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ pe àwọn àgbà ẹbí, ẹ pe ìjọ, ẹ pe ẹgbẹ́ ọjà, kẹ́ ẹ sọ fún wọn lẹ́nu ara yín pé láti ọjọ́ báyìí dé ọjọ́ báyìí, ẹ ò ní gbé ìpè lórí nọ́ńbà yẹn, ẹ̀yin lẹ máa pè wọ́n. Ìyàwó mi kò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó lọ sí Kánádà. Ojú ń tì í láti má gbé ìpè àwọn àgbà, ó ń gbé e ṣáá, owó tó fi gbọ́ "báwo lọ̀nà?" nìkan pọ̀ ju owó oúnjẹ rẹ̀ lọ́nà lọ. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Oníṣòwò Kútọnu

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba orí ilẹ̀ lọ, tiwa yàtọ̀. Bí a bá ti ń sún mọ́ Sẹ̀mẹ̀, kí a tó kọjá ẹnubodè rárá, fóònù ti lè so mọ́ òpó Benin, torí òpó kò mọ ààlà. Èèyàn rò pé òun ṣì wà ní Nàìjíríà, owó róómíǹgì ti ń lọ. Níbi tí wọ́n ti ń yan nẹ́tíwọ̀kì, mo máa ń pa èyí tó ń yàn fúnra rẹ̀, mo máa ń fi ọwọ́ yan ti Nàìjíríà. Tí mo bá wọ Kútọnu, síìmù ibẹ̀ ni mo ń lò.

Ẹni tó ń lọ ra ọjà ní Guangzhou, kó mọ̀ pé wọ́n ti pa WhatsApp, Google àti Facebook ní Ṣáínà. Síìmù tí wọ́n tà níbẹ̀ kò ní ṣí wọn. Ṣùgbọ́n eSIM arìnrìnàjò, ìyẹn síìmù tí kò ní káàdì tí à ń fi sínú ihò, tí èèyàn rà láti ìta sábà máa ń ṣí wọn, torí dátà rẹ̀ ń gba òkèèrè kọjá. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti rí i tí mo fi ìtẹ́lọ́rùn sanwó róómíǹgì. Ní Dubai ẹ̀wẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp ń lọ, ìpè orí rẹ̀ ni wọn ò gbà láàyè. Ẹni tó bá rò pé òun á fi WhatsApp pe ilé láti Dubai, kó tètè wá ọ̀nà míì.

Àlàájì Kàbà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra Hajj àti Umrah, síìmù Saudi ń bẹ ní pápákọ̀ òfurufú Jeddah àti Medina. Páàsìpọ́ọ̀tù àti ìtẹ̀ka ni wọ́n fi ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má gba síìmù lọ́wọ́ ẹni tó ní òun ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún yín.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀wẹ̀ ní Jámánì

Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé kò sí owó róómíǹgì mọ́ ní Yúróòpù. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe fún síìmù wa. Láti June 15, 2017, ẹni tó ní síìmù orílẹ̀-èdè kan nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù lè lò ó nínú àwọn yòókù ní iye tó ń san nílé. Síìmù tí mo rà ní Jámánì ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Faransé àti Ítálì. Síìmù Nàìjíríà kò sí nínú àdéhùn yẹn. UK náà ti jáde, nítorí náà tí ọmọ Ìyá bá fẹ́ mú wọn lọ wo Paris, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ síìmù London.

Fún Addis, Ìyá wa, Wi-Fi pápákọ̀ ti tó. Ẹ fi fóònù sí flight mode, kẹ́ ẹ wá tan Wi-Fi nìkan lórí rẹ̀. Ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe ohun báǹkì lórí Wi-Fi ìta gbangba.

Ẹ̀gbọ́n Ògìdì

Èmi kò rìnrìnàjò, àbúrò mi ló ń bọ̀ láti Houston fún Kérésìmesì. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn án?

Atúnfóònùṣe

Ó kàn án ju Ìyá lọ. Síìmù wa, tí káàdì bá tán, ó tán. Laini Amẹ́ríkà tí wọ́n ń san lópin oṣù kò ní òpin bẹ́ẹ̀, orí ìwé owó ló máa ti rí i nígbà tó bá padà. Kó pe ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kó tó wọ bàálù, kó béèrè bóyá Nàìjíríà wà nínú ètò tó ń san, torí ọ̀pọ̀ ètò olówó pọ́ọ́kú kò ní wa nínú.

iPhone ni? Láti iPhone 14, àwọn tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà kò ní ihò síìmù rárá, eSIM nìkan ni. Síìmù tẹ́ ẹ bá rà dè é níbí kò ní rí ibi wọ̀. Kó tún rí i dájú pé ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti tú fóònù náà sílẹ̀ kó lè gba laini míì. Síìmù Nàìjíríà sì nílò NIN, nítorí náà kó mú NIN tiẹ̀ dání. Ẹ má fi NIN yín gba laini fún un, torí ohun tí wọ́n bá fi laini yẹn ṣe, ẹ̀yin ni wọ́n máa wá.

Ohun kan ṣì kù lórí iPhone tó ní laini méjì: bọ́tìnì kan wà tó ń jẹ́ Allow Cellular Data Switching. Tó bá wà ní títàn, fóònù lè dá dátà padà sórí laini Amẹ́ríkà nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì ibí bá rọ. Ẹ sì mọ bí nẹ́tíwọ̀kì ṣe rí tí èèyàn bá ti ń wọ ìgbèríko lọ́nà Bùnú. Kó pa á. Wi-Fi Assist náà, tó ń gbé fóònù sórí dátà nígbà tí Wi-Fi bá rọ, kó pa á.

Ìyá Àgbà Kàbà

Ẹ̀yin ọmọ mi, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù Atúnfóònùṣe, a jókòó ṣe gbogbo rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti pe 300, wọ́n ti ṣí róómíǹgì, nọ́ńbà +234 wọn sì wà nínú ìwé orin mi. Ọmọ mi ti ra síìmù, ó ti fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́, Bàbá wọn sì ti fi gègé kọ ọ́ gàdàgbà sára kàlẹ́ńdà ní pálọ̀. Mo ti pe àwọn àgbà tí Tíṣà ní kí n pè. Ẹnì kan ló ku, n ó lọ bá a nílé ní Sátidé.

Lálẹ́ àná mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti Mọ̀pà, mo sì fi fóònù lé orí tábìlì, n kò gbé e. Ó dún títí, ó sì dákẹ́. Ọmọ náà ní kò sẹ́ni tó ní kí òun sọ̀rọ̀ sílẹ̀.